Ta Ló Kun Ọ̀dà Sára Igi Yẹn?

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin U5 láàárín ìgboro Berlin, tó forí lé ìlà-oòrùn, tó sì sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Kienberg ní Hellersdorf, kò ní í rò pé òun ti dé ẹnu ọ̀nà ìrìn jíjìn kankan. Ilé alájà púpọ̀ ló to ara wọn lọ rẹrẹẹrẹ. Ìjọba Ìlà-Oòrùn Jámánì ló kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn láàárín ọdún 1980 sí 1990, ọkọ̀ ojú irin yìí sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ní July 1, 1989, oṣù mẹ́rin àti díẹ̀ kí Ògiri Berlin tó wó. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé náà ni odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Wuhle ti ń ṣàn gba àárín Hellersdorf àti Marzahn, tó sì lọ ń dà sínú odò Spree ní Köpenick. Lẹ́bàá odò yẹn, lára òpó, ni àmì kékeré kan wà, funfun, tí ìlà búlúù gba àárín rẹ̀ kọjá. Ojú ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fò ó. Ọ̀kan lára ogún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó la Berlin já ló ń tọ́ka sí, àwọn ọ̀nà tí àpapọ̀ wọn lé ní 500 kìlómítà.

Ta ló wá lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀? Ìjọba Berlin lọ́wọ́ sí ètò náà, ó sì ya àwọn ọ̀nà ọ̀hún sórí máàpù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń fẹsẹ̀ wọn rìn ín láti wo àmì tó ti ṣí àti èyí tí wọ́n ti fi bébà ìpolówó bò mọ́lẹ̀, ará ìlú lásán ni wọ́n, ọmọ ẹgbẹ́ bíi FUSS, tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, àti ẹgbẹ́ àwọn aláfẹsẹ̀rìn Berlin. Wọn kì í gba owó oṣù.

Káàkiri ilẹ̀ Jámánì, iṣẹ́ yìí lórúkọ. Wegewart ni wọ́n ń pe ẹni tó ń ṣe é, alábòójútó ọ̀nà. Ẹgbẹ́ ló ń yàn án, ẹgbẹ́ ló sì ń pín apá ọ̀nà tirẹ̀ fún un. Bí igi bá wó dí ọ̀nà, òun ni yóò sọ fún àwọn onígbó. Bí àmì bá pòórá, ẹjọ́ rẹ̀ ni. Lábẹ́ àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláfẹsẹ̀rìn ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Fulda ní 1883, nǹkan bí 200,000 kìlómítà ọ̀nà ni irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ń tọ́jú. Ẹni tó bá rin ìyẹn tán ti yí ayé ká lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí Yorùbá. Ṣebí Ògún ló fi àdá irin lànà fún àwọn òrìṣà yòókù nígbà tí igbó dí mọ́ wọn lójú? Láyé àtijọ́, baálẹ̀ á ké sí àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n jáde lọ ro ọ̀nà oko àti ọ̀nà ìlú kejì, ẹni tí kò bá sì yọjú yóò san owó ìtanràn. Ohun tó lè ya Yorùbá lẹ́nu ni pé ọ̀nà tí àwọn ará Jámánì ń tọ́jú báyìí kò lọ oko, kò lọ ọjà. Wọ́n la ọ̀nà kí èèyàn ṣáà lè rìn ni.

Ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ní 1864 ni àwọn kan ní Freiburg dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún agbègbè òkè tí wọ́n ń pè ní Igbó Dúdú. Ní 1900, ẹgbẹ́ yẹn la ọ̀nà láti Pforzheim dé Basel ní ẹnubodè Switzerland, ó lé ní 280 kìlómítà. Àmì pupa onígun mẹ́rin tó fi igun dúró ni wọ́n fi sàmì sí i, àmì yẹn náà ló ṣì wà níbẹ̀ dòní. Ó ti lé ní ọgọ́fà ọdún. Ìjọba ọba ti lọ, ogun àgbáyé méjì ti jà, owó ti yí padà lẹ́ẹ̀mélòó kan, àwọn kan kò sì yéé kun àmì pupa náà.

Kíkùn ọ̀hún kì í ṣe iṣẹ́ àdábọwọ́. Alábòójútó ọ̀nà á kọ́kọ́ wá igi tó dúró gbọn-in síbi tí ojú aláfẹsẹ̀rìn yóò bà á bó ṣe ń bọ̀. Á fi irin pẹlẹbẹ ha èèpo tó ti gbó kúrò, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ha á wọnú, kí igi má baà ṣàárẹ̀. Á fi búrọ́ọ̀ṣì onírin gbá ẹrùpẹ̀ dànù. Ọ̀dà funfun ló kọ́kọ́ ń lọ sórí rẹ̀. Tó bá gbẹ, á gbé ike tí wọ́n ti gé ihò àmì sí lé e, á sì fi ọ̀dà aláwọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ní oríta, àmì gbọ́dọ̀ wà ṣáájú kí èèyàn tó yà, òmíràn sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ìyànà, kó lè dá ẹni tó yà lójú pé òun kò ṣìnà. Àmì kejì yìí ni ẹni tí kò rìn rí máa ń gbàgbé. Lẹ́yìn náà ni alábòójútó á yí padà, á ṣe gbogbo rẹ̀ láti òdìkejì, torí kì í ṣe apá kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹni tó rò pé ọjọ́ kan tó fún kìlómítà mẹ́wàá kò tí ì gbé agolo ọ̀dà rìn nínú igbó.

Onígbó náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó kan igi rẹ̀. Àmọ́ kò lè lé aláfẹsẹ̀rìn. Òfin igbó tí Jámánì ṣe ní 1975 ti gba gbogbo èèyàn láyè láti wọ igbó lọ najú, ì báà jẹ́ igbó aládàáni. Òfin kan náà ló sọ pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, orí ara rẹ̀ ló gbé e.

Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ dá rìn. Ẹni méjì ló dára fún ọ̀nà jíjìn: ọ̀kan á máa wo máàpù, èkejì á máa wo igi. Bí ọ̀kan bá fẹsẹ̀ ṣẹ́, èkejì á pe 112. Níbi tí fóònù kò bá ti wọlé, àdéhùn kan wà tó ti pẹ́ ju fóònù lọ ní àwọn òkè Alps: kí ẹni tó wà nínú ewu súfèé tàbí tan iná lẹ́ẹ̀mẹfà láàárín ìṣẹ́jú kan, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ á dáhùn lẹ́ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú kan. Orí àwọn òkè yẹn náà ni ìwé ńlá kan ti máa ń wà ní ilé ìsinmi kọ̀ọ̀kan, tí àwọn tó sùn síbẹ̀ ń kọ orúkọ wọn àti ibi tí wọ́n ń lọ sí. Bí tọkọtaya kan bá kọ ọ́ pé àwọn ń lọ sí ilé ìsinmi kejì, tí ilẹ̀ ṣú tí wọn ò débẹ̀, ìwé yẹn ni àwọn adóòlà-ẹ̀mí máa kọ́kọ́ ṣí.

Berlin kò ní òkè. Èyí tí wọ́n ń pè ní Kienberg ní Hellersdorf, mítà 102 péré ló fi ga ju òkun lọ, àlàpà ilé àti ẹrùpẹ̀ ìkọ́lé sì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, ní 1869 tí wọ́n dá ẹgbẹ́ olókè ilẹ̀ Jámánì sílẹ̀ ní Munich, kí ọdún yẹn tó parí ni ẹ̀ka Berlin ti wà. Ní 1879, àwọn ará ìlú pẹ̀tẹ́lẹ̀ yìí ṣí ilé ìsinmi kan sí àfonífojì Zillertal ní Austria, ní 2,042 mítà sókè. Nígbà tó yá, ilé náà di àrímáleèlọ, tòun ti gbọ̀ngàn ìjẹun oníigi gbígbẹ́, ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, àti yàrá òkùnkùn fún àwọn tó ń ya fọ́tò. Berliner Hütte ni wọ́n ń pè é títí di òní, òfin ló sì ń dáàbò bò ó gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá.

Ó yẹ ká sọ eléyìí náà: kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ẹgbẹ́ ọ̀hún ràn lọ́wọ́. Ní December 1924, àpapọ̀ ẹgbẹ́ olókè náà lé ẹ̀ka Donauland ti Vienna jáde, nítorí pé Júù ló pọ̀ níbẹ̀. Àwọn Júù kan ní Berlin, àtàwọn tó bínú sí ohun tí wọ́n ṣe, kúrò nínú ẹgbẹ́, wọ́n dá tiwọn sílẹ̀. Ọdún mẹ́jọ àti díẹ̀ kí Hitler tó gorí àlééfà nìyẹn, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń yin ìfẹ́ igbó àti òkè kì í sábà dẹ́nu lé orí ìtàn yìí.

Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣe inúure tó rọrùn jù fún. Ní August 1909, tíṣà kan tó ń jẹ́ Richard Schirrmann kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ rin ìrìn ọlọ́jọ́ mélòó kan. Òjò àti àrá ká wọn mọ́ àfonífojì Bröl lálẹ́, àgbẹ̀ kan kò sì gbà wọ́n sílé. Ilé ìwé abúlé kan ni wọ́n padà sùn sí, lórí koríko gbígbẹ. Òru ọjọ́ yẹn, bí àwọn ọmọ ṣe ń sùn, ni Schirrmann rò ó pé gbogbo ilé ìwé ló ṣófo nígbà ìsinmi, kí ló dé tí wọn ò lè gba àwọn ọmọ arìnrìn-àjò? Láti inú èrò yẹn ni ilé ibùwọ̀ ọ̀dọ́ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó ti tàn ká ayé báyìí. Èyí tó ṣí sínú ilé olódi Altena ló gbajúmọ̀ jù nínú àwọn àkọ́kọ́, àlejò sì ṣì ń sùn níbẹ̀.

Àwọn kan tún wà tí ìrìn tiwọn jẹ́ iṣẹ́ gan-an. Ní ìgboro Hamburg tàbí Berlin, ẹ lè pàdé káfíńtà kan tó wọ ṣòkòtò dúdú fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, fìlà dúdú etí gbọọrọ, tó fi ọ̀pá lílọ́ tilẹ̀. Ẹni tó ti gba fíríìdọ́ọ̀mù ni, tó wá fi ilé sílẹ̀ fún ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ kan láti máa ṣiṣẹ́ láti ìlú dé ìlú. Kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ìlú rẹ̀ ju 50 kìlómítà lọ. Àgùnbánirọ̀ tó ń sinlẹ̀ lè mọ̀ ọ́n lára díẹ̀, àmọ́ kò sí ìjọba tó ń sanwó fún tiwọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí kò ì gbéyàwó, tí kò bímọ, tí kò sì jẹ gbèsè. Kò gbọ́dọ̀ di pé ó ń fi ìrìn sá fún olówó. Aṣọ tó fi di ẹrù rẹ̀, Charlottenburger ni wọ́n ń pè é, orúkọ àdúgbò kan ní Berlin.

Àwọn wọ̀nyí kì í dá jáde nílé. Ẹni tó ti wà lójú ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ló máa wá mú ẹni tuntun, á bá a rìn fún oṣù bíi mélòó kan, á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń béèrè ibi sísùn láìṣagbe, bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá tó lè fúnni níṣẹ́, bí wọ́n sì ṣe ń wọ ọ́fíìsì olórí ìlú kí wọ́n lè lu òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìn. Ìgbà tó bá mọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n á pínyà. Obìnrin wà nínú wọn báyìí; àwọn ẹgbẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn 1970 ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Àwọn tó kọ́kọ́ gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Hellersdorf kò láǹfààní láti rìn lọ sí Alps; Ògiri wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí ìjọba wọn fi sílẹ̀ fún wọn ni èyí tí wọ́n ṣí ní 1983 láti Eisenach dé Budapest, tí wọ́n fi ọ̀rẹ́ sọrí, tó gba Czechoslovakia àti Poland kọjá. Ó lé ní 2,600 kìlómítà. Ọ̀rẹ́ náà sì le: láti October 1980 ni Ìlà-Oòrùn Jámánì ti ká àǹfààní wíwọ Poland láìgbàwé kúrò, nítorí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarność. Ọ̀nà ọ̀rẹ́ wà lórí máàpù, ẹnubodè sì wà lójú ọ̀nà.

Ìwọ̀-oòrùn ti ní tiwọn. Ní 1969, àwọn ẹgbẹ́ aláfẹsẹ̀rìn láti orílẹ̀-èdè Yúróòpù mélòó kan pàdé ní ilé ìsinmi kan ní gúúsù Jámánì, wọ́n dá àpapọ̀ sílẹ̀. Ní 1972 wọ́n ṣí E1 ní Konstanz. Lónìí, E1 bẹ̀rẹ̀ láti òpin Norway lápá àríwá dé Ítálì, ó sì gba Hamburg kọjá. Ẹni tó bá kúrò ní ìlú yẹn sí gúúsù á wọ pápá Lüneburg, àmì X funfun lára igi ni yóò sì máa tọ̀. Láti Fischbek ní Hamburg náà ni ọ̀nà mìíràn tó gùn tó 223 kìlómítà ti ń lọ sí Celle. Ní agbègbè Berlin, ẹni kan ṣoṣo tó ń kọ̀wé atọ́nà, Manfred Reschke, ló ronú kan ọ̀nà adágún omi mẹ́rìndínláàádọ́rin, tó yí ìlú náà po ní nǹkan bí 400 kìlómítà. Àmì rẹ̀ ni ẹyọ búlúù róbótó lórí funfun.

Fóònù ti wá gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í wo igi mọ́, ohùn inú fóònù ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ hàn fún ẹni tó bá ti rí i: máàpù inú fóònù kò mọ̀ pé afárá ti já lánàá, alábòójútó ọ̀nà ló mọ̀. Ìṣòro tó le jù ni pé àwọn alábòójútó ń darúgbó, àwọn tó fẹ́ gba agolo ọ̀dà lọ́wọ́ wọn kò sì pọ̀. Ìjọba tó ń fi ọ̀nà wọ̀nyí polówó ìrìn afẹ́ kò ṣe bí ẹni pé ó ká a lára tó bẹ́ẹ̀; ohun tí wọn kò sanwó rẹ̀, bóyá wọn kò mọ iye tó jẹ́.

Ní òkè Harz, tí ọ̀nà E11 gbà kọjá láti Netherlands lọ sí Berlin àti Poland, wàhálà tuntun ti dé. Ọ̀dá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018 sọ àwọn igi di aláìlera, kòkòrò abẹ́ èèpo sì pa wọ́n lọ́pọ̀ yanturu. Igi tó bá ṣubú, tòun tàmì ara rẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ Harzklub, tó wà láti 1886, ni iṣẹ́ sísàmì já lé léjìká níbẹ̀. Níbi tí igi kò bá sí mọ́, òpó ni wọ́n ní láti rì mọ́lẹ̀. Òpó sì wúwo ju búrọ́ọ̀ṣì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó máa rù ú gun òkè ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún.