Ilẹ̀ Ìmọta ń gbówó lórí: tí ìjọba bá fẹ́ gba tiyín, kí ni òfin ní kí wọ́n san?

Ìbéèrè kan wà tí wọ́n máa ń bi mí ṣáá tí mo bá ti dé apá Ìmọta àti Àgbówá: "Oníròyìn, tí ìjọba bá ní òun fẹ́ lo ilẹ̀ wa, ṣé wọ́n á sanwó ilẹ̀ fún wa?" Ìdáhùn tó bá òfin mu kì í dùn ún gbọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n là á yé yín lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́. Wọ́n á san nǹkan o, àmọ́ owó ilẹ̀ kọ́. Ohun tí ẹ fi ọwọ́ yín kọ́ tàbí tí ẹ gbìn sórí ilẹ̀ ni wọ́n máa sanwó rẹ̀.

Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ yìí fi wá gbóná nísinsìnyí? Gbogbo wa la mọ Ìmọta sí ìlú oko. Ẹ̀gẹ́, ẹ̀fọ́, ọ̀pẹ àti ẹja ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ọdún 2003 ni ìjọba Èkó yọ ọ́ kúrò lára Ìkòròdú, tó sì fún un ní ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí iléeṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó síbẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ lè lọ ìrẹsì tọ́ọ̀nù 32 láàárín wákàtí kan. Ẹ tún wá fi ti Afárá Kẹrin kún un, èyí tí gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 38, tí wọ́n ní yóò gba Ìkòròdú kọjá. Wọn ò tíì kọ́ ọ tán, àmọ́ àwọn ejẹ́ntì ti ń fi orúkọ rẹ̀ polówó ilẹ̀.

Bí ìlú ṣe máa ń yí padà náà nìyẹn. Ẹni tí owó ilé lé kúrò ní Kétu àti Mílẹ̀ Kejìlá bọ́ sí Ìkòròdú. Ẹni tí Ìkòròdú náà tún ti wọ́n jù fún ń wá púlọ́ọ̀tì kiri ní Ọ̀dógunyàn títí dé Ìmọta. Oko ń di púlọ́ọ̀tì, púlọ́ọ̀tì ń di ẹ́sítéètì. Ibi tí ilẹ̀ bá sì ti gbówó lórí, ojú ìjọba, ojú ọlọ́jà ilẹ̀ àti ojú ọmọ onílẹ̀ ló máa ń wà níbẹ̀ pọ̀.

Kì í ṣe láti ayébáyé ni òfin ti sọ pé kí wọ́n má sanwó ilẹ̀. Ní ọdún 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ ìdílé Olóyè Olúwa. Òyìnbó ní ìdílé náà kò ní ilẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ lásán ni wọ́n ń gbà. Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Lọ́dún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún àwọn ìlú abẹ́ òyìnbó dájọ́ pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ wọn, pé àyípadà ìjọba kò sọ ilẹ̀ di ti ọba òyìnbó. Ẹgbẹ̀rún 22 àti ààbọ̀ pọ́n-ùn ni wọ́n wá san. Ẹ kíyè sí i pé owó ilẹ̀ gan-an ni wọ́n san nígbà náà.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ni nǹkan yí padà. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Òfin yìí fi gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, pé kó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà á ṣì máa lò ó lọ. Àmọ́ ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ló kù sí i lọ́wọ́, gómìnà sì lè gba ẹ̀tọ́ náà padà tó bá jẹ́ pé ohun tó máa ṣe gbogbo ìlú láǹfààní ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe.

Abala 29 òfin náà ló sọ ohun tí wọ́n máa san. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ lásán ni, owó ìlẹ̀ tí ẹ san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n máa dá padà fún yín. Tí ẹ kò bá san kọ́bọ̀, kò sí kọ́bọ̀ kankan tí ẹ máa gbà. Tó bá jẹ́ ilé, iye tó máa náni láti kọ́ irú rẹ̀ ni wọ́n máa ṣírò, wọ́n á wá yọ ti ogbó tó ti gbó kúrò níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ohun ọ̀gbìn, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e ni. Ọgbà tí ẹ fi yí ilẹ̀ ká, kànga tí ẹ gbẹ́, ọ̀nà tí ẹ là, igi ọ̀pẹ àti obì tí ẹ gbìn, gbogbo rẹ̀ ni òfin kà sí iṣẹ́ ọwọ́ yín tó yẹ kí wọ́n sanwó rẹ̀.

Ká ní Táíwò àti Kẹ́hìndé ní púlọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Táíwò fi tiẹ̀ sílẹ̀ kó máa hu koríko, ó ń dúró de ìgbà tó máa wọ́n kó tó tà á. Kẹ́hìndé kọ́ yàrá méjì sí tiẹ̀, ó gbẹ́ kànga, ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọjọ́ tí ìjọba bá ní títì máa gba ibẹ̀ kọjá, iye kan náà ni ilẹ̀ àwọn méjèèjì ń lọ lọ́jà. Síbẹ̀, Kẹ́hìndé á gba owó gbà-má-bínú, Táíwò á sì lè lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Owó tí títì yẹn fi kún iye ilẹ̀ náà kò ní dé ọ̀dọ̀ ìkankan nínú wọn. Ẹni tó bá rí ilẹ̀ mú lẹ́yìn tí títì bá dé ló máa jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Àgbẹ̀ tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Òfin dárúkọ ẹni tó ni ilẹ̀, ó sì dárúkọ ẹni tó ń lò ó. Ẹ̀gẹ́ tí ẹ gbìn, tiyín ni. Tí wọ́n bá wá ka ohun ọ̀gbìn, ẹ má jẹ́ kí onílẹ̀ nìkan fọwọ́ sí ìwé.

Ẹni tó bá rò pé owó nìkan lọ̀rọ̀ náà, kó wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ l'Ékòó. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri lọ́dún 1924, òyìnbó dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ lọ́dún 1928 tí yóò máa tún ìlú Èkó ṣe, LEDB ni wọ́n ń pè é. Láti ọdún 1955, iléeṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn lọ sí Sùúrùlérè. Peter Marris, òyìnbó tó bá wọn sọ̀rọ̀ nílé, tó sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1961, rí i pé ilé tuntun náà dáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ ìyá tó ń tajà níwájú ilé kò rí oníbàárà mọ́, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè àwọn oníṣòwò, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jẹun nínú àgbàlá kan náà wá di ẹni tó ń fi ọkọ̀ wá ara wọn.

Àwọn yẹn tiẹ̀ rí ibi tí wọ́n kó wọn lọ. Ní oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki jẹ́ gómìnà ológun, ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n fún àwọn ará Màròkó kí katapílà tó dé. Nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 èèyàn ni wọ́n fojú bù pé ó ń gbé ibẹ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn onílé ni wọ́n fún ní ilé sí Ìlàsán àti Ìkọ́tà, àwọn ayálégbé sì tú káàkiri.

Kódà lókè òkun, níbi tí wọ́n ti ń sanwó ilẹ̀ gan-an, ọ̀rọ̀ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ tán síbẹ̀. Ní New London, ìlú kékeré kan ní Connecticut lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìjọba ìlú fẹ́ gba ilé àwọn èèyàn ní àdúgbò Fort Trumbull, nítorí pé iléeṣẹ́ oògùn Pfizer fẹ́ wà nítòsí, wọ́n ní iṣẹ́ àti owó orí á pọ̀ sí i. Susette Kelo àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ pẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Lọ́dún 2005, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án ní ìjọba jàre. Wọ́n kó kúrò níbẹ̀. Lọ́dún 2009, Pfizer ní òun ń kó lọ, ilẹ̀ náà sì di pápá koríko fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé wọn kò dé mọ́.

Èmi kò lòdì sí ìdàgbàsókè o. Ẹni tí títì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló mọ ìyà tí ẹ̀gẹ́ tó jẹrà sóko fi ń jẹ ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí a ti múra sílẹ̀ kí katapílà tó dé. Nǹkan mẹ́rin ni ẹ lè ṣe láti òní lọ.

Èkíní, ẹ lọ mọ ipò tí ilẹ̀ yín wà ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, Ìkẹjà. Ó lè jẹ́ ilẹ̀ tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé. Ó lè jẹ́ èyí tó ti yọ padà fún abúlé, tó sì ti tẹ̀ sínú gazette, èyí tí wọ́n ń pè ní excision. Tó bá jẹ́ èyí tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kan pàtó, ẹ sá fún un, rìsíìtì ọmọ onílẹ̀ kò lè gbà yín níbẹ̀.

Èkejì, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó kọ́lé. Ilé tí kò níwèé àṣẹ, ó rọrùn fún wọn láti sọ pé kò tọ́ sí owó gbà-má-bínú. Ẹ ya fọ́tò ilé, kànga àti igi yín, kí ẹ sì kọ déètì sí i.

Ẹ̀kẹta, tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ kọ orúkọ gbogbo ojúlé sílẹ̀. Ẹnì kan nínú ẹbí kò lè dá a tà láìsí olórí ẹbí, olórí ẹbí náà kò sì gbọdọ̀ dá a tà láìbá àwọn aṣojú ojúlé sọ ọ́. Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tí gbogbo ìlú jọ ni, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó náà fún olórí ìlú. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe pín in.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má fojú kékeré wo ìwé tí wọ́n bá mú wá tàbí èyí tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ ara ilé. Ìkìlọ̀ tó bá òfin mu ni. Ọjọ́ tí wọ́n bá wá kà, ẹ wà níbẹ̀, kí ẹ sì gba ẹ̀dà ohun tí ẹ bá fọwọ́ sí. Tí owó náà bá kéré, ẹ wá lọ́yà. Òfin 1978 fẹ́ dí ọ̀nà kóòtù lórí iye owó, àmọ́ abala 44 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè yìí ti 1999 ní wọ́n gbọ́dọ̀ san owó náà kíákíá, àti pé èèyàn lè lọ kóòtù lórí iye rẹ̀.

Ẹ bá ẹbí yín jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí lópin ọ̀sẹ̀ yìí, kí àwọn àgbà tó mọ ààlà ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí àwọn yẹn bá ti lọ tán láìsí ìwé, kò sẹ́ni tó máa lè jẹ́rìí fún yín ní Alausa.