Igbó Tí Kì Í Tán
Nínú Bitsy, irinṣẹ́ tí Adam Le Doux ṣe fún dídá géèmù, yàrá kan jẹ́ àpótí kéékèèké 16 ní ìbú, 16 ní òòró. Mo gbin igi sí ọ̀kan, mo so ẹnu ọ̀nà ọ̀tún rẹ̀ mọ́ òsì, ti ìsàlẹ̀ mọ́ òkè. Bí ahunṣọ Ìṣẹ́yìn ṣe ń tún ọnà kan hun títí òfì fi gùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ń ṣeré yóò máa bá igi kan náà pàdé.

Ọ̀nà àbáyọ ló le. Mo ṣe ẹ̀dà yàrá náà. Ẹnu ọ̀nà òkè nìkan ló dé ibẹ̀. Mo fi òkúta funfun kan sínú rẹ̀, torí ẹni tí kò bá rí àmì kankan yóò pa eré náà tì. Bí ó bá tún gba òkè, yóò já sí pápá, lójú ọ̀nà Ṣakí.