Ìgbohùnsílẹ̀ Àdáṣe: Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ William Onyeabor

Ọ̀rọ̀ wa ní alẹ́ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá ara wọn, tí wọn kò dúró de ilé-iṣẹ́ kankan. Àwọn kan rò pé àṣà tuntun tí kọ̀ǹpútà mú wá ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. William Onyeabor ti ń ṣe irú rẹ̀ ní ìlú Enugu láti 1977.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ti rí nígbà náà. Nígbà tí BLO àti Ofege, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì méjì ní Èkó, gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde ní 1973, abẹ́ ilé-iṣẹ́ EMI ni àwọn méjèèjì wà. (Ọmọ ilé-ìwé girama St. Gregory's ni àwọn Ofege nígbà náà!) Irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó ni yàrá ìgbohùnsílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ náà ni téèpù tí ohùn olórin wà nínú rẹ̀ sábà máa ń wà. Bí kò bá tún àwo tẹ̀, kí ni olórin yóò ṣe? Haruna Ìṣọ̀lá àti I. K. Dáíró kò dákẹ́ sí i: ní 1969 wọ́n dá Star Records sílẹ̀, kí olórin lè jẹ nínú òógùn ojú ara rẹ̀.

Onyeabor ní tirẹ̀ dá Wilfilms sílẹ̀. Ó ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀, ó ra dùùrù oníná tí a ń pè ní synthesizer, ó sì kó gbogbo wọn sí ìkáwọ́ ara rẹ̀. Crashes in Love jáde ní 1977, Atomic Bomb ní 1978, Tomorrow ní 1979. Rọ́ọ̀kì pọ́ńbélé kọ́ ni orin náà. Fọ́ńkì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Báwo ni ẹnìkan ṣe lè ṣe iṣẹ́ odindi ẹgbẹ́? Téèpù ni àṣírí rẹ̀. A pín in sí ojú ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò wọ inú ara wọn. Olórin yóò lu ìlù sí ọ̀nà kan, yóò dá téèpù padà sí ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa gbọ́ ìlù náà ní etí bí ó ti ń tẹ dùùrù sí ọ̀nà kejì. Lẹ́yìn náà ni ohùn, lẹ́yìn náà ni àwọn elégbè. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, òun nìkan ni yóò tún ṣe.

Níhìn-ín ni mo ti ń ṣe iyè méjì. Ẹ lọ sí òde ìnáwó ní Ìdèrè tàbí Tápà, kí ẹ wo àwọn onídùndún. Ìyáàlù sọ̀rọ̀, ìsáájú gbè é. Bí onílù bá rí ẹni tí ó ń bọ̀, ó yí ọ̀rọ̀ padà lójú ẹsẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Ìlù tí a ti gbà sílẹ̀ lánàá kò lè dá ẹni tí ń kọrin lónìí lóhùn. Mo gbọ́ àìsí ìdáhùn yìí nínú orin Onyeabor: ìlù ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, kò yẹsẹ̀. Síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n lò, nítorí orin rẹ̀ mìíràn gùn ju ìṣẹ́jú 7 lọ, a kì í sì í fẹ́ kí ó tán.

Ẹ̀rọ kò wọ́n lónìí bí ó ti wọ́n láyé ìgbà náà. Ìwé àdéhùn tí ọmọ wa ń tọwọ́ bọ̀ láì kà á ni ó bà mí lẹ́rù.

Onyeabor gbé àwo kẹjọ jáde ní 1985, ó fi orin sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ẹ̀sìn Krístì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Luaka Bop ti Amẹ́ríkà fẹ́ tún orin rẹ̀ gbé jáde, èyí tí wọ́n ṣe ní 2013, ọ̀dọ̀ òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti wá gba àṣẹ. Ó kú ní oṣù kìíní 2017.