Ṣé o mọ̀? Oògùn lè ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ lọ

Ṣé o mọ̀ pé dókítà lè fi oògùn kan wo àìsàn tí wọn kò dárúkọ rárá lára páálí rẹ̀, kó má sì rú òfin? Nígbà tí àjọ NAFDAC bá forúkọ oògùn sílẹ̀, àìsàn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é mú ẹ̀rí rẹ̀ wá ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Òun ló máa ń wà nínú ìwé pélébé tí wọ́n ká sínú páálí. Ṣùgbọ́n oògùn ni NAFDAC ń ṣọ́. Bí dókítà ṣe ń tọ́jú aláìsàn, ìgbìmọ̀ àwọn dókítà, MDCN, ló ń bi í léèrè.

Hydroxyurea tó ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ́wọ́ ìrora fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́? Oògùn jẹjẹrẹ ni tẹ́lẹ̀. Ọdún 1998 ni Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí i fún àgbàlagbà tó ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ti àwọn ọmọdé di 2017. Misoprostol náà, ọgbẹ́ inú ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn dókítà ló rí i pé ó ń mú ilé ọmọ súnkì, tí ẹ̀jẹ̀ abiyamọ fi ń dá. Ní 2006, Nàìjíríà wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i fún ìṣun ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Ká ní òfin so ọwọ́ dókítà mọ́ ìwé inú páálí ni, ìyá tí à bá ti sin kò ní kéré.

Kí wá ni ààbò dókítà bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́? Kì í ṣe abala òfin kan ṣoṣo. Lára rẹ̀ ni ẹjọ́ dókítà kan, John Oni Akerele, tó gún àwọn ọmọdé lábẹ́rẹ́ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà ní 1941. Àwọn kan kú lára wọn. Ẹ̀sùn náà ni pé ó po oògùn náà le jù, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi ìpànìyàn. Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn adájọ́ ibẹ̀ sì tú u sílẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe tí owó gbà-má-bìínú lè tán kò tíì di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n; àfi bí dókítà bá fi ẹ̀mí aláìsàn ṣe ohun tí kò já mọ́ nǹkan. Wọ́n tún ní pípọ̀ tí òkú pọ̀ kò sọ àṣìṣe kan di ńlá. Ìdájọ́ yẹn wúwo fún òbí tó pàdánù ọmọ, mo mọ̀. Síbẹ̀ òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rù ẹ̀wọ̀n ká dókítà lọ́wọ́ kò.

Ṣé o mọ̀ pé sísọ fún aláìsàn wà lára ààbò náà? Abala 23 òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n sọ ìtọ́jú tó wà, àǹfààní rẹ̀, ewu rẹ̀ àti iye owó rẹ̀ fún ọ, ní èdè tí o gbọ́ bó bá ti ṣeé ṣe. Lágbègbè Ọ̀jọ́ l'Ékòó, níbi tí Àwórì, Ẹ̀gùn àti Ìgbò ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan náà, ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Dókítà tó bá sọ ọ́, tó sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ, ní ohun tí yóò nà sí adájọ́.

Apòògùn ńkọ́? Wo obìnrin kan tí ìtọ̀ súgà ń jó lẹ́sẹ̀ bí iná. Dókítà kọ amitriptyline fún un, mílígíráàmù mẹ́wàá lálaalẹ́. Apòògùn ka ìwé náà, ó tẹ dókítà láago. Ó kọ ọjọ́, orúkọ dókítà àti èsì rẹ̀ sẹ́yìn ìwé. Ó wá ní: “Màmá, ẹ ó rí i nínú páálí pé oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni. Ẹ má jáyà, ti ẹsẹ̀ yín ni wọ́n tìtorí ẹ̀ kọ ọ́.” Ìlà méjì tó kọ yẹn lè gbà á sílẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn apòògùn, tí òfin 2022 fún lágbára.

Ṣùgbọ́n ṣé o mọ ẹni tí ààbò yìí kò kàn? Ẹni tó ń po oògùn sínú ọ̀rá létí títì Ìyànà-Ìbà tàbí Okokomaiko ni. Cyproheptadine, oògùn ara yíyún, ni wọ́n ń tà fún ọmọbìnrin tó fẹ́ sanra, wọ́n á fi dexamethasone kún un, láìbi í bóyá ó ní ìfúnpá gíga. Ìwé àṣẹ ilé kẹ́míìsì kò gba irú oògùn tó nílò ìwé dókítà. Ní oṣù Kẹta 2020, lẹ́yìn tí Ààrẹ Trump yin chloroquine fún Kòrónà, owó rẹ̀ fò sókè l'Ékòó, àwọn tó lò ó jù sì dèrò ilé ìwòsàn. Oògùn kan náà yìí ni dókítà máa ń kọ fún aláìsàn lupus, lẹ́yìn tó bá ti wo ojú rẹ̀, tó sì ṣírò ìwọ̀n rẹ̀.

Bí oògùn bá sì ṣe ọ́ bákan, NAFDAC ní fọ́ọ̀mù aláwọ̀ ìyeyè fún un. Aláìsàn fúnra rẹ̀ lè fẹjọ́ sùn, kì í ṣe dókítà nìkan.