Asọ̀rọ̀mágbèsì: Ọdún Tí Rédíò Kọ̀ Láti Gba Èsì

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa, àwọn tí ó kọ́kọ́ pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ní 1935 ni wọ́n fa wáyà rẹ̀ wọ àwọn ilé kan ní Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́. Àpótí kékeré ni, tí a fi bọ́tìnì yí ohùn rẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ìyá lè máa ṣa ẹja lọ́wọ́, kí bàbá máa jẹun, àpótí náà a máa sọ tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè dá a lóhùn.

Ní 1953 ni ọ̀rọ̀ náà kúrò ní àwàdà. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún náà, Anthony Enahoro dìde nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó, ibi tí ará Ijora kàn níláti kọjá Iddo, kí ó gun afárá Carter, kí ó tó dé. Ó ní kí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1956. Ahmadu Bello, Sàdáúnà Sókótó, ní kí wọ́n má dá ọdún, kí ó jẹ́ nígbà tí ó bá ṣeé ṣe. Ẹ̀rù ń ba àwọn ará Àríwá pé àwọn tí ó mọ̀wé láàárín wọn kò tíì pọ̀, ẹ̀rù náà kì í sì í ṣe ti òmùgọ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Action Group àti NCNC bínú jáde. Àwọn mínísítà Action Group kọ̀wé fi ipò sílẹ̀.

Gómìnà Macpherson bá wọ rédíò, ó sì dá ẹgbẹ́ Action Group lẹ́bi. Awólọ́wọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun náà fi rédíò kan náà fèsì. Wọ́n kọ̀. Ẹ̀ka iṣẹ́ ìjọba ni rédíò jẹ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n owó orí gbogbo ìlú ni ó ń bọ́ ọ.

Ẹ wò ó bí ti ilé. Bí Baálé bá jẹ́ kí ìyálé rojọ́ tán, tí ó wá ní kí ìyàwó padà sí ilé ìdáná, irú ìdájọ́ wo nìyẹn? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú oṣù Karùn-ún ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Kano, ìjọba ka òkú 36. Rédíò kọ́ ni ó dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n irú àkókò bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ìlú gbọ́ tọ̀tún tòsì.

Òfin 1954 gba ẹkùn láàyè láti ní rédíò tirẹ̀. Ní 1957 rédíò Èkó di àjọ NBC, òfin sì ní kí ó má ṣe ojúsàájú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá 1959, Ìwọ̀-Oòrùn ṣí tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn. Wọ́n yangàn pé àwọn ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà. Kíkọ̀ tí wọ́n kọ̀ fún Awólọ́wọ̀ wà lára ohun tí ó bí i.

Ṣùgbọ́n ẹnu kejì ni wọ́n rí, wọn kò rí ẹnu àjùmọ̀lò. Ní oṣù Kẹwàá 1965, lẹ́yìn ìdìbò tí gbogbo ènìyàn ń bú, ilé kan náà ní Ìbàdàn fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ Olórí Ìjọba Akíntọ́lá sáfẹ́fẹ́. Ẹnìkan yọ́ wọlé, ó fi téèpù mìíràn rọ́pò rẹ̀, téèpù tí ó ní kí Akíntọ́lá máa lọ. Wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù nítorí rẹ̀, kóòtù sì dá a sílẹ̀. Ilé tí a kọ́ kí ẹni tí a sé lẹ́nu lè sọ̀rọ̀ ti di ibi tí alátakò kò lè wọ̀ bí kò bá yọ́.

Òfin ìdìbò ọdún 2022 sọ pé kí rédíò ìjọba pín àkókò dọ́gba fún gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ tan ti ìpínlẹ̀ yín ní ọ̀sẹ̀ ìdìbò, kí ẹ ní kí ọmọ ilé ìwé yín ka iye ìgbà tí ohùn alátakò wọlé.