Ìlawọ́: Ẹ̀kọ́ Tí Ọwọ́ Ń Kọ́ Díẹ̀díẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ méjì bẹ̀rẹ̀: lawọ́ àti háwọ́. Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ìhun ọ̀rọ̀ á ti rí i pé ọwọ́ ló wà nínú méjèèjì. Là àti ọwọ́ ló di lawọ́, bí là àti ojú ṣe di lajú. Há àti ọwọ́ ló di háwọ́. Bíbélì náà kò jìnnà sí èyí. Nínú Deuteronomi orí 15, Mósè ní kí Ísírẹ́lì má ṣe pa ọwọ́ dé sí arákùnrin wọn tó tòṣì. Nígbà tó fẹ́ ní kí wọ́n ṣí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni ọ̀rọ̀ ìṣe yẹn tẹ̀léra ní èdè Hébérù, bí ìgbà tí àwa bá ní, "Ṣíṣí ni kí o ṣí i!"

Ohun tí ọwọ́ ń ṣe, kíkọ́ la máa ń kọ́ ọ. Ọwọ́ tó ń hun aṣọ òfì kò mọ̀ ọ́n hun lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n tó bá kan ọ̀rọ̀ owó, ọ̀pọ̀ nínú àwa Kristẹni ló ń retí kí owó kọ́kọ́ pọ̀ ná, ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnni.

Ẹ wo bí Pọ́ọ̀lù ṣe ṣe é nígbà tó ń kó owó jọ fún àwọn aláìní nínú ìjọ Jerúsálẹ́mù. Nínú Kọ́ríńtì Kìíní orí 16, ó ní kí oníkálukú máa ya nǹkan sọ́tọ̀ lọ́jọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, bí nǹkan bá ṣe ń lọ sí fún un. Ẹni tó bá ti dá àjọ rí mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Nínú ìwé kejì, orí 8, ó ka fífúnni mọ́ ìgbàgbọ́, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Ohun tó lè pọ̀ sí i, ó lè bẹ̀rẹ̀ ní kékeré.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí dẹ́rù bà yín. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ní ohun tí èèyàn ní la ń wò, a kì í wo ohun tí kò ní. Ó ní kò gbọdọ̀ jẹ́ tipátipá. Àwọn tí ìjọ yàn ló sì bá a gbé owó náà lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa fura sí i. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ kó owó ilé-ìwé ọmọ yín wá, tí kò sì fẹ́ ká béèrè ibi tí owó ń lọ, kò kọ́ ọ lọ́dọ̀ Pọ́ọ̀lù.

John Wesley (1703–1791) kọ nípa ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn ní Oxford. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun gan-an ni. Lọ́dún kìíní, 30 pọ́n-ùn wọlé fún un. Ó fi 28 gbọ́ bùkátà, ó fi 2 tọrẹ. Lọ́dún kejì, 60 ló wọlé. Ó ṣì ná 28, ó fi 32 tọrẹ. Nígbà tó di 90, ó fi 62 tọrẹ. Nígbà tó di 120, ó fi 92 tọrẹ. Ìnáwó rẹ̀ dúró sójú kan, ọrẹ rẹ̀ ló ń ga.

Ẹ ó ní, "Prof, Wesley ò ra gàrí ní Nàìjíríà!" Òótọ́ ni. Èmi náà ń fi owó ìfẹ̀yìntì ra gàrí ọ̀hún, mi ò sì lè so ìnáwó mi mọ́ iye kan. Ohun tí mo lè ṣe ni pé nígbàkígbà tí owó bá lé díẹ̀, kí n kọ́kọ́ yọ ìpín aláìní nínú èlé yẹn, kí bùkátà tuntun tó gbé e mì. Ẹni tí owó rẹ̀ ò lé rárá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kóńgò gàrí kan lóṣù fún opó tó wà ládùúgbò. Ẹ mú iye kan, ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Tó bá di àmọ́dún, ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín lè là ju báyìí lọ.