Kí Ẹ́ńjìnnì Gbó, Kó Má Bàjẹ́

Nínú èdè wa, gbígbó kì í ṣe bíbàjẹ́. Aṣọ tí a wọ̀ títí tó fi ṣá ti gbó; èyí tí eku jẹ nínú àpótí, ó bàjẹ́ ni. Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké tó ń mu methanol, tí wọ́n fi ń fo ọkọ̀ òfurufú àfiṣeré. Díẹ̀ nínú wọn ló ń gbó. Èyí tó pọ̀ jù, ńṣe ni wọ́n bà á jẹ́. Ó sì yẹ ká kíyè sí i, torí pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ti kógbá wọlé, ẹ̀yà ara àwọn ti àtijọ́ sì ti di àwátì.

Ẹ má fojú kéré wọn o. Nínú ìdíje eré sísá tí wọ́n ń pè ní F2A, ẹ́ńjìnnì tí ìwọ̀n inú rẹ̀ kò ju 2.5 cc lọ, ìyẹn ìdajì ṣíbí tíì, ń gbé ọkọ̀ sáré tó nǹkan bíi 300 km ní wákàtí kan. Irin tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò gba ìwà àìbìkítà.

Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kì í ta iná pàrà bíi ti mọ́tò. Wáyà platinum tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀. A ó fi bátìrì mú un pọ́n nígbà tí a bá fẹ́ tan ẹ́ńjìnnì. Lẹ́yìn náà, ooru inú ẹ́ńjìnnì àti methanol tó ń kàn án ni kò ní jẹ́ kó kú mọ́. Ray Arden, ará Amẹ́ríkà, ló gbé irú púlọ́ọ̀gì yìí wọ ọjà ní 1947.

Ohun tó yẹ kó yé wa jù nìyí: ẹ́ńjìnnì yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń gbé. Òróró tí kì í jẹ́ kí irin họ irin, inú epo gan-an ni wọ́n pò ó mọ́. Ti F2A, methanol jẹ́ 80 nínú 100, òróró lárà jẹ́ 20. (Lárà ni mo wí, kì í ṣe làpálàpá; igi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.) Nítorí náà, bí a bá yí abẹ́rẹ́ kàbúrétọ̀ pa jù, epo á dín, òróró á bá a dín, ooru á sì lọ sókè. Ohùn ẹ́ńjìnnì á dùn, á máa han, àwọn ọmọdé á pàtẹ́wọ́, àmọ́ pístìn ti ń jóná lọ́wọ́. Ẹ wá ibi tó ti yára jù nílẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú abẹ́rẹ́ náà díẹ̀ títí ohùn á fi rẹlẹ̀ díẹ̀, torí pé tó bá dókè, ẹrù abẹ̀bẹ̀ á fúyẹ́, á tún yára sí i. Kí èéfín máa jáde ló dára. Tí èéfín bá dáwọ́ dúró, ẹ tètè sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní ABC: pístìn aluminium nínú sílíìfù idẹ tí wọ́n fi chrome bò. Òkè sílíìfù náà fún ju ìsàlẹ̀ lọ. Tó bá tutù, pístìn á há lókè. Tó bá gbóná, idẹ á fẹ̀, wọn á bára mu. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ ká máa fọwọ́ yí i lásán nígbà tó tutù. Tó bá jẹ́ tuntun, ẹ fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó tan án.

Lẹ́yìn ooru, erùpẹ̀ ló kàn. Ẹ sẹ́ epo kó tó wọ táǹkì, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ò jẹ́ ká mí. Bí ọkọ̀ bá já lulẹ̀, ẹ má yí abẹ̀bẹ̀ wò o! Ẹ fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò ná. Ẹyọ iyanrìn kan ti tó láti ha sílíìfù.

Ọ̀tá kẹta ló burú jù, torí pé ìgbà tí a rò pé ẹ́ńjìnnì ń sinmi ló ń ṣọṣẹ́. Methanol máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Nitromethane tí àwọn kan ń fi kún epo fún agbára sì máa ń fi ásíìdì sílẹ̀ tó bá jó. Omi àti ásíìdì lára béárìn, ẹ ti mọ ìyókù: ìpẹtà, èyí tí Bíbélì wa pè ní ìpáàrà. Ẹ̀rọ̀ rẹ̀ kò le. Tí eré ọjọ́ náà bá parí, ẹ yọ rọ́bà epo, kí ẹ́ńjìnnì jó èyí tó kù tán fúnra rẹ̀. Ẹ wá kán òróró fífúyẹ́ díẹ̀ sí ojú kàbúrétọ̀ àti ihò púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ yí i kó lè kárí, kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún.

Bí béárìn bá ti ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹ tètè pààrọ̀ rẹ̀ kó tó fọ́ tí yóò sì ba pístìn jẹ́. Ẹ tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, kẹ́ ẹ mú ara rẹ̀ gbóná dé nǹkan bíi 150°C. Aluminium máa ń fẹ̀ ju irin lọ. Tẹ́ ẹ bá gbá a mọ́ pákó, béárìn á jábọ́ fúnra rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo: májèlé ni methanol, ó lè fọ́ni lójú, ó lè pani, iná rẹ̀ kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn ní ọ̀sán gangan. Òun náà ni wọ́n so ikú àwọn tó mu ògógóró mọ́ ní Òde-Ìrèlè ní 2015. Ẹ má rọ ọ́ sínú ìgò omi láé.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi iṣẹ́. Àìtó òróró, ìdọ̀tí àti ìgbàgbé ni. Ẹ́ńjìnnì tí a bá bọ́ yó, tí a nù, tí a sì fi òróró pa kó tó sùn, yóò pẹ́ láyé kó tó gbó. Àwa náà á gbó, a ó sì tọ́. Àmín o.